Òkúta kan ṣoṣo tí mo pààrọ̀ ní Noto

Ọjọ́ mọ́kànlá ni òkúta kan ṣoṣo gbà lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe ilé o, kì í ṣe ògiri, òkúta kan péré, èyí tó wà nísàlẹ̀ lápá òsì ẹnu ọ̀nà ilé alájà méjì kan ní Noto, ìlú kékeré ní erékùṣù Sicily, ní Ítálì. Bíríkìlà ni mí láti Ìbàdàn, Catania ni mò ń gbé báyìí, ọ̀gá tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ló gba iṣẹ́ ilé yẹn, ni wọ́n bá ní kí n lọ mójú tó ẹnu ọ̀nà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì kọ́lé, mo rò pé iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni.

Ohun tó ba òkúta náà jẹ́ ni mo kọ́kọ́ wò. Ẹnì kan ti fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́ nígbà kan rí. Òkúta ẹfun ni òkúta ibẹ̀, ó rọ̀, omi tó bá gòkè láti inú ilẹ̀ máa ń gba inú ẹ̀ jáde sínú afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n tí sìmẹ́ǹtì bá ti dí ojú ẹ̀, omi yẹn ò ríbi gbà mọ́, iyọ̀ tó gbé dání á jókòó sínú òkúta, á máa tú u ká díẹ̀díẹ̀ títí wàá fi fọwọ́ kàn án táá máa ya dànù bíi gààrí. Bí mo ṣe bá a nìyẹn. Sìmẹ́ǹtì ṣì le koko, òkúta tó yí i ká ló ti jẹrà.

Mo fi igi gbé òkè ẹnu ọ̀nà ró dáadáa, mo wá fi ṣísù yọ èyí tó bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn gba ọjọ́ kan àtààbọ̀.

Ibi tí òkúta tuntun ti máa wá ni wàhálà wà. Mo lọ ra ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta òkúta, ó le, ó dán, mo gé e, ó wọ ibẹ̀ géérégé, mo tiẹ̀ ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Ọ̀gá dé nírọ̀lẹ́, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn fà mí lọ́wọ́ sọdá títì, wọ́n ní kí n wẹ̀yìn. Oòrùn ti ń lọ, gbogbo títì yẹn látòkè délẹ̀ ti pọ́n bí oyin, àfi òkúta tèmi tó funfun gbòò láàárín wọn, òun nìkan lojú ń rí. Ó dùn mí gan-an. Mo yọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Bí a ṣe ń wa mọ́tò káàkiri láti wá èyí tó máa bá a mu ni ọ̀gá ń sọ ìtàn ìlú yẹn fún mi. Noto àtijọ́ ò sí níbi tó wà báyìí, orí òkè Alveria ló wà, bíi kìlómítà 8 síbẹ̀. Ní 11 January 1693 ilẹ̀ mì ní gbogbo ìlà-oòrùn Sicily, àwọn tó kú tó bíi 60,000, Noto wó pátápátá, Catania náà wó. Sípéènì ló ń ṣàkóso Sicily nígbà yẹn, wọ́n rán Giuseppe Lanza, Duke Camastra, láti mójú tó àtúnkọ́, wọ́n sì pinnu pé kí Noto ṣí kúrò lórí òkè yẹn wá síbi tó túbọ̀ súnmọ́ òkun. Torí náà wọ́n ti fa ìlà títì kó tó di pé ẹnikẹ́ni gbé òkúta àkọ́kọ́ kalẹ̀, ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì máa wà, ibi tí gbàgede máa wà, ibi tí àwọn mẹ̀kúnnù máa gbé lápá òkè àti ibi tí àwọn ọlọ́lá máa kọ́ ààfin sí nísàlẹ̀.

Ẹ wo Catania tí mò ń gbé báyìí, ìmìtìtì ilẹ̀ kan náà ló wó o, àsìkò kan náà ni wọ́n tún un kọ́, síbẹ̀ dúdú ló pọ̀ lára ilé wa torí òkè Etna tó ń yọ iná wà lẹ́yìn wa, òkúta tó ti ibẹ̀ ṣàn wá la fi ń kọ́lé. Ní Noto, òkúta ẹfun ló wà nínú ilẹ̀ wọn, òun ni wọ́n gbẹ́. Nígbà tó jẹ́ pé ẹranko ló ń fa ẹrù, ta ló fẹ́ máa ru òkúta láti ọ̀nà jíjìn? Bí gbogbo ìlú ṣe di àwọ̀ kan nìyẹn.

Òkúta ibi ìwópalẹ̀ ilé oko kan nítòsí la padà rí, ó ti gbó, oòrùn ti sè é, àwọ̀ ẹ̀ ò sì jìnnà sí ti ilé wa.

Lójoojúmọ́ tí mo bá jẹun ọ̀sán tán, mo máa ń rin títì ńlá wọn, Corso Vittorio Emanuele, látòpin dópin. Látìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn ló lọ, ó bẹ̀rẹ̀ láti Porta Reale, ẹnubodè ìlú tí wọ́n kọ́ ní 1838, gbàgede mẹ́ta ló já sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ṣọ́ọ̀ṣì tiẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé wọn ò bá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ yẹn jà. Títì ńlá lọ gbọọrọ ní ìbú ara òkè, èyí tó gòkè sì di àtẹ̀gùn, torí náà Kàtídírà San Nicolò jókòó sórí àtẹ̀gùn gbàràmù-gbaramu, ó kọjú sí gúúsù, oòrùn ń bá a láti àárọ̀ dalẹ́, ilé ìjọba ìlú tí Vincenzo Sinatra yà sì kọjú sí i níwájú. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì San Domenico, iṣẹ́ ayàwòrán-ilé Rosario Gagliardi, wú síta bí àyà, ti ṣọ́ọ̀ṣì Montevergine tó wà lókè títì Via Nicolaci tẹ̀ wọnú. Ọ̀kan ń jáde, ọ̀kan ń wọlé, síbẹ̀ wọn ò bára wọn jà rárá, torí òkúta kan náà ni.

Ẹ tún gbójú sókè lára Palazzo Nicolaci, ààfin ọlọ́lá kan. Kìnnìún, ẹṣin, obìnrin ẹlẹ́ja, gbogbo wọn ni wọ́n gbẹ́ sábẹ́ bákónì. Ní Èkó, àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé gbé irú ọnà yìí wá, Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894 ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ohun tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri ni wọ́n fi ṣe òdòdó tiwọn. Ti Noto, inú òkúta gan-an ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ jáde, torí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ilẹ̀ jáde, ó rọ̀ débi tí ayùn lásán fi ń gé e, ìgbà tó bá gbẹ ló ń le.

Ó yá, iṣẹ́ wa. Mo wo bí òkúta náà ṣe sùn nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, ìlà tín-ín-rín máa ń wà lára ẹ̀, bó ṣe sùn yẹn náà ni kó sùn lára ògiri, tó bá dìde dúró á máa bó ní ìpele ìpele. Mo gé e, mo fi ṣísù ṣe ojú ẹ̀ kó má dán jù. Mo rẹ ẹ́ sómi dáadáa kó má baà fa omi inú ohun tí mo fẹ́ fi lẹ̀ ẹ́ mu. Ẹfun tí wọ́n sun níná tí wọ́n fi omi pa ni mo fi po yanrìn, kò sí sìmẹ́ǹtì kankan níbẹ̀, mo tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo ti òkúta wọlé, mo fi okùn rénjì rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó wà lókè ẹ̀. Lẹ́yìn náà aṣọ tútù ni mo fi bò ó fún ọjọ́ mẹ́rin, mò ń wọ́n omi sí i láàárọ̀ lálẹ́, torí ẹfun kì í fẹ́ ìkánjú.

Àárín ọjọ́ mẹ́rin yẹn ni mo wọ inú kàtídírà. Ní 13 March 1996 ni kúpólà ẹ̀, ìyẹn òrùlé rìbìtì tó wà lókè ẹ̀, àti òrùlé àárín gbùngbùn ẹ̀ wó, ilẹ̀ tó mì ní 1990 ti dá a lágara tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti da kọnkéré tó wúwo sórí ẹ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Nígbà tí wọ́n tú àwọn òpó ẹ̀ wò, òkúta gidi ló wà lójú, pàǹtírí òkúta ni wọ́n fi dí inú ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí bíríkìlà, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Òkúta àdúgbò náà ni wọ́n fi tún òpó wọ̀nyẹn ṣe, inú àti ìta, 2007 ni wọ́n tó ṣí i padà. Mo gbọ́wọ́ lé ọ̀kan nínú wọn, ó tutù, mo dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Lọ́jọ́ kọkànlá mo ká aṣọ kúrò, mo yọ igi. Ilẹ̀kùn ṣí, ó padé, kò há. Ọ̀gá dé ní nǹkan bí aago mẹ́fà, wọ́n tún fà mí sọdá títì sójú ibi tá a dúró sí lọ́jọ́sí. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá bi mí pé èwo ni nínú wọn. Mo ní kí wọ́n ka méjì láti ilẹ̀ lápá òsì.