Ààrò Bíríkì fún Ẹja àti Ẹran Sísun Lẹ́yìnkùlé

Ààrò yìí kò ju ògiri mẹ́ta lọ: ẹ̀yìn kan, ẹ̀gbẹ́ méjì, iwájú rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Bí ìpìlẹ̀ bá ti gan, èèyàn méjì lè mọ ọ́n tán láàárín ọjọ́ méjì. Iná inú rẹ̀ gan-an ló sábà máa ń ba irú ààrò bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ohun tí iná bá mú máa ń fẹ̀. Bí kò bá sì ráyè fẹ̀ sí, ògiri á lanu.

Bíríkì amọ̀ tí wọ́n ti sun ni kí ẹ rà. Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n, kódà bó bá ṣẹ́ kù síbi tí ẹ ti kọ́lé. Ooru máa ń sọ sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀ di ẹlẹgẹ́, omi tó fara pamọ́ sínú rẹ̀ á di oru, á sì là á. Òkúta inú odò tún léwu jù ú lọ: ó lè bú gbàù nínú iná, kí èérún rẹ̀ fò sójú ẹni tó ń dáná. Láti mọ bíríkì tó jiná, ẹ gbá méjì lu ara wọn. Èyí tó bá dún gooro dára. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá kú, ẹ dá a padà.

Ìwọ̀n tí a ń lò níbí jẹ́ ti bíríkì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 22, tó fẹ̀ ní 11, tó ga ní 7. Bí tiyín bá yàtọ̀, ẹ kọ́kọ́ tò wọ́n sílẹ̀ lásán kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ ra bíríkì 100 (88 la máa lò, ìyókù wà fún èyí tó bá fọ́), àpò sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́, ọ̀pá irin mílímítà 10 tó gùn ní mítà 2, àti irin dúdú pẹlẹbẹ tó nípọn ní mílímítà 3.

Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ilé, sílíńdà gáàsì àti táńkì omi oníke tó mítà 3 ó kéré tán. Nílẹ̀ Yorùbá, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti máa ń wá ní èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún, nítorí náà ẹ kọ iwájú ààrò síbẹ̀, kí èéfín lè máa lọ kúrò lójú ẹni tó ń dáná. Nígbà ọyẹ́ nìkan ni afẹ́fẹ́ á yí padà.

Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 110, tó fẹ̀ ní 75, tó jìn ní 15. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ nípọn 5 sí i, kí ẹ gún un mọ́lẹ̀, kí ẹ wá da kọnkéré nípọn 10 lé e: sìmẹ́ǹtì kòròbà 1, yanrìn 2, òkúta 4. Ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7.

Ẹ ri bíríkì sínú omi títí ìfófòó á fi dáwọ́ dúró, torí èyí tó gbẹ máa ń fa omi inú amọ̀ mu. Ní ìpele kìíní, bíríkì 4 lọ́wọ́ ẹ̀yìn, 2 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní ìpele kejì, 3 lọ́wọ́ ẹ̀yìn, 2 àti ààbọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí oríkèé má bàa to ara wọn. Ẹ máa pààrọ̀ wọn bẹ́ẹ̀ dé ìpele kọkànlá. Sìmẹ́ǹtì 1 sí yanrìn 5 ni kí ẹ fi mọ ìpele márùn-ún àkọ́kọ́. Láti ìkẹfà lọ sókè, amọ̀ òkìtì ikán 1 sí yanrìn 2 ni kí ẹ lò. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí díẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹyin, kí ẹ sá a síbòji. Bó bá sán nígbà tó gbẹ, ẹ fi yanrìn kún un.

Ẹ gé ọ̀pá irin sí ọ̀nà 12, ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ̀ǹtímítà 16. Lórí ìpele keje, ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án, ẹ ki méjì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí 10 wọnú ògiri, kí 6 yọ sí àyè àárín ààrò. Àwọn wọ̀nyí ló máa gbé irin èédú àti àwọ̀n ẹran. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi iṣẹ́ ṣe: wọ́n á gbé ọ̀pá gígùn láti ògiri dé ògiri, wọ́n á sì mọ orí méjèèjì pa. Irin tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 70 á fi bíi mílímítà 4 gùn sí i tó bá gbóná dé ìwọ̀n 500 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì; á sì ti ògiri jáde. Nítorí náà, sẹ̀ǹtímítà 67 ni kí wẹ́dà gé irin pẹlẹbẹ náà sí ní ìbú, nígbà tí àyè àárín jẹ́ 69. Kí jíjìn rẹ̀ jẹ́ 44, kí ó sì lu ihò bíi 20 sí i fún afẹ́fẹ́ àti eérú.

Ẹ má fi irin tí wọ́n fi síǹkì bò tàbí àwọ̀n inú fíríìjì àlòkù sun ẹran. Èéfín síǹkì máa ń fa ibà àti àyà dídùn, ọ̀dà ara àwọ̀n fíríìjì náà sì lè yọ́ sára oúnjẹ. Àwọ̀n irin dúdú ni kí wẹ́dà ṣe.

Ẹ fi ààrò sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2, kí òjò má kàn án. Ẹ wá họ oríkèé amọ̀ ojú ìta wọnú ní sẹ̀ǹtímítà kan, kí ẹ fi sìmẹ́ǹtì dí i. Lọ́jọ́ kìíní, iná igi wẹ́wẹ́ fún ìṣẹ́jú 30. Lọ́jọ́ kejì, wákàtí kan. Lọ́jọ́ kẹta, èédú. Èédú nípọn sẹ̀ǹtímítà 5 tó. Ìpele kẹsàn-án ni àwọ̀n ẹja àti adìyẹ, ìkẹjọ ni ti àgbàdo tí ẹ bá fẹ́ kó tètè jiná.

Ẹ má bu omi pa iná. Ẹ jẹ́ kí èédú kú fúnra rẹ̀, kí ẹ kó eérú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kí ẹ sì fi páànù bo ààrò, kí òkúta tẹ̀ ẹ́ lórí.