Bí Mo Ṣe Gbin Ọ̀dán Orí Ògiri Sínú Àwo ní Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ bonsai, ìyẹn iṣẹ́ gbígbin igi gidi sínú àwo pẹrẹsẹ kí ó lè gbó láì tóbi, ló máa ń kọ́kọ́ wá igi òkè òkun tí wọ́n rí nínú àwòrán. Ọ̀dán ni èmi yàn, mo sì gbà pé òun ló yẹ ẹni tó ń gbé Ilé-Ifẹ̀. Láti Ṣáínà ni iṣẹ́ yìí ti dé Jàpáánì, níbi tí wọ́n ti sọ ọ́ di olókìkí. Páìnì àti juniper tí wọ́n ń lò níbẹ̀ a máa fẹ́ òtútù líle lọ́dọọdún kí wọ́n lè sinmi, ọyẹ́ tiwa kò sì tó wọn. Ọ̀dán kò bèèrè irú rẹ̀. Igi tó ti ń ṣíji bo ojú ọjà àti iwájú ààfin wa láti ọjọ́ pípẹ́ ni, bí a bá sì gé e, yóò tún rúwé.

Àwọn ẹyẹ ló ń gbin ọ̀dán káàkiri ìlú: wọ́n á jẹ èso rẹ̀, wọ́n á yàgbẹ́ sórí ògiri tàbí sára ọ̀pẹ, ibẹ̀ náà ni yóò sì hù sí. Èyí tí mo mú wà níbi tí ògiri kan ti lanu ní àdúgbò Ìlódè. Mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ baba onílé, wọ́n sì ní kí n máa mú un lọ, torí pé ògiri ni yóò wó bí wọ́n bá fi í sílẹ̀. Àyè tó há yẹn kò jẹ́ kó ga, àmọ́ ìdí rẹ̀ ti ki, ó sì ti lọ́ bí ti àgbà igi. Ohun tó yẹ kí olùbẹ̀rẹ̀ máa wá nìyẹn, nítorí pé ìdí igi kì í tètè nípọn mọ́ tó bá ti dé inú àwo.

Mo dúró dìgbà tí òjò oṣù kẹrin bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ déédéé kí n tó yọ ọ́, torí àsìkò yẹn ni gbòǹgbò tuntun máa ń yára hù. Mo da omi síbẹ̀ títí tó fi rọ̀, mo sì fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ha sìmẹ́ńtì kúrò díẹ̀díẹ̀. Gbòǹgbò tó nípọn tó sì gùn ni mo gé kúrú. Èyí tó wẹ́ ni mo dá sí, torí òun ló ń fa omi. Oje funfun ṣàn lójú ibi tí mo gé, mo sì fi omi tútù nù ún títí tó fi dá. Ẹ má jẹ́ kó ta sí yín lójú. Mo já lára ewé rẹ̀ pẹ̀lú, kí ìwọ̀nba gbòǹgbò tó kù lè gbọ́ bùkátà èyí tó ṣẹ́ kù.

Mo bẹ ìyá kan tó ń mọ ìkòkò pé kí wọ́n bá mi mọ àwo tí kò jìn ju ìka mẹ́rin lọ, kí ihò sì wà nídìí rẹ̀. Ìyá wò mí.

“Ọmọ mi, àwo tí wọ́n lu nídìí, kí lo fẹ́ bù sí i?”

“Igi ni, mà. Omi kò gbọdọ̀ dúró sí i.”

“Ajere lò ń wá nígbà náà,” ni wọ́n wí, wọ́n sì mọ ọ́n bó ṣe yẹ.

Ọ̀rọ̀ erùpẹ̀ ló gba àròjinlẹ̀ jù. Erùpẹ̀ pupa ẹ̀yìnkùlé a máa dì lẹ́yìn òjò, atẹ́gùn kì í ráyè wọlé, gbòǹgbò á sì jẹrà. Akadama ni àwọn ará Jàpáánì ń lò, amọ̀ oníhóró tó ń fa omi mọ́ra tó sì ń jẹ́ kí àṣẹ́kù jò lọ. Àpáàdì ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Mo gún ìkòkò tó ti fọ́ pẹ̀lú bíríkì alámọ̀, mo fi asẹ́ jọ̀ ọ́, mo da lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ nù, mo sì mú hóró tó tó mílímítà 3 sí 6. Ìdá mẹ́ta rẹ̀ ni mo pò mọ́ ìdá kan ilẹ̀dú. (Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àpáàdì tí àwọn ará àtijọ́ fi tẹ́ ojú ilẹ̀ ní Ìta Yemòó àti káàkiri Ifẹ̀, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni.) Mo fi nẹ́ẹ̀tì fèrèsé bo àwọn ihò náà, mo fi wáyà de igi mọ́ àwo kí atẹ́gùn má baà mì í, mo sì gbé e sábẹ́ ìbòòji títí ọ̀mùnú fi yọ. N kò fún un ní ajílẹ̀ kankan kó tó di ìgbà náà.

Nísinsìnyí, oòrùn ló ń gbé, torí oòrùn àti gígé ló ń jẹ́ kí ewé kéré. Bí ẹ̀ka tuntun bá ti yọ ewé 6 sí 8, mo máa ń gé e padà sí 2. Wáyà àlùmíníọ́mù tí ó tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìnípọn ẹ̀ka ni mo fi ń yí i, kó lè tẹ̀ sí ibi tí mo fẹ́. Lásìkò òjò, mo ń yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè, torí ẹ̀ka ọ̀dán a máa yára tóbi, wáyà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ lára. Bó bá tó àkókò láti yọ ọ́, gígé ni mo ń gé wáyà náà wẹ́wẹ́, n kì í tú u.

Ìka ni mo máa ń kì bọ erùpẹ̀ kí n tó bomi rin ín. Nígbà ọyẹ́, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń gbà á; bí òjò bá ń rọ̀, ó lè má nílò rárá. Ní nǹkan bí ọdún méjì síra ni gbòǹgbò ọ̀dán máa ń kún àwo, nígbà náà ni a óò yọ ọ́, tí a óò gé lára gbòǹgbò rẹ̀, tí a óò sì pààrọ̀ àpáàdì rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò.