Bí mo ṣe fi Python wá ojú Kíbúlà láti Àbújá

Ẹgbẹ́ Àsàlátù wa ní Kubwa rí ilẹ̀ tí a fẹ́ kọ́ mọ́ṣáláṣí sí. Kí bíríkìlà tó fa okùn, Àáfà pè mí: "Ìwọ ọmọ kọ̀ǹpútà, bá wa wo Kíbúlà dáadáa." Kíbúlà ni ìhà Káábà ní Mẹ́kà, tí a ń kọjú sí kírun. Ìlà oòrùn làwọn àgbà ń wí. Wọn ò purọ́, ṣùgbọ́n téèyàn bá ń kà á láti àríwá, ìlà oòrùn gan-an jẹ́ dígírì 90, Mẹ́kà sì sún sí àríwá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Latitude àti longitude ibi méjèèjì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Àárín Àbújá: 9.0765, 7.3986. Káábà: 21.4225, 39.8262. Ẹni tó bá kánjú á kàn yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, á wo igun rẹ̀ bí ẹni ń fi rúlà wọn ìwé, 69.2 ló máa rí. Ayé ò tẹ́ pẹrẹsẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìlà longitude ń súnmọ́ra bí wọ́n ṣe ń lọ sí àríwá, ìdí nìyẹn tí sin àti cos fi wọ̀ ọ́.

Mo fi radians() yí gbogbo dígírì padà sí radian ná (òṣùwọ̀n igun mìíràn), torí sin ti Python, èdè kọ̀ǹpútà tí mo fi kọ ọ́, kì í gba dígírì. Ó wá ku èyí (lat1 ni latitude Àbújá, lat2 ni ti Káábà, dl ni ìyàtọ̀ longitude):

y = sin(dl) * cos(lat2)
x = cos(lat1)*sin(lat2) - sin(lat1)*cos(lat2)*cos(dl)
igun = degrees(atan2(y, x)) % 360

64.6 ló gbé jáde.

Ìlà kóòdù tó gbẹ̀yìn yẹn ni kí ẹ fojú sí. Àárín -180 sí 180 ni ìdáhùn atan2, tó ń fi y àti x wá igun, máa ń wà. Mo yí ìrìn náà padà, láti Káábà sí Àbújá: -106.6. % 360, tó ń fi 360 kún igun tó bá kéré sí 0 níbí, ló sọ ọ́ di 253.4. Tó bá jẹ́ JavaScript, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, % á fi máínọ́ọ̀sì yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà. (Igun + 360) % 360 ni kí ẹ lò níbẹ̀. Ẹ sì wò ó, 253.4 kì í ṣe 64.6 tí a ro 180 mọ́. Lórí ayé roboto, ọ̀nà tó kúrú jù máa ń yí igun padà bó ṣe ń lọ; igun ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni kóòdù yìí ń sọ. Ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù.

Kọ́ḿpáàsì kì í tọ́ka sí àríwá tòótọ́ gan-an, àmọ́ ní Àbújá ìyàtọ̀ yẹn ò tó nǹkan. Irin rọ́ọ̀dù tí wọ́n kó jọ síbẹ̀ ló lè dààmú fóònù, mo bá rìn jìnnà sí i kí n tó wọn igun. Bíríkìlà kan èèkàn, Àáfà dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ní ó dáa. Bàbá kan ní kí n bá òun wo ti ilé òun ní Ìlọrin náà. Mo pààrọ̀ nọ́ńbà Àbújá: 65.2.