Bí Mo Ṣe Tún Ìṣirò Darwin Lórí Weald Ṣe

Àkókò ni Charles Darwin nílò jù. Bí ohun abẹ̀mí yóò bá máa yí padà díẹ̀díẹ̀ títí irú mìíràn yóò fi jáde, ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan ò lè tó. Ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ jìọ́lọ́jì ló ti rí àkókò yà: James Hutton, tó sọ lọ́dún 1788 pé òun ò rí àmì ìbẹ̀rẹ̀ kankan nínú òkúta, àti Charles Lyell, ẹni tí Darwin gbé apá kìíní ìwé rẹ̀ wọ ọkọ̀ Beagle lọ́dún 1831. Darwin wá dá iye ọdún lé e nínú ìwé tirẹ̀ ti 1859, On the Origin of Species: ó ṣírò bó ṣe pẹ́ tó kí òkun tó jẹ ilẹ̀ Weald. Mo tún ìṣirò náà ṣe láti mọ ibi tó ti yà bàrá. Bírò, ìwé àti ẹ̀rọ ìṣirò ti tó.

Weald wà ní gúúsù ìlà oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín òkè ẹfun méjì, North Downs àti South Downs. Òkúta ẹfun ti bo àárín wọn rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Orí igbá náà ti jẹ kúrò, etí rẹ̀ ló kù. Darwin gbà pé òkun ló jẹ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. Ó ní fífẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ máìlì 22, pé ògiri òkúta tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 500 ń pàdánù íńṣì 1 ní ọgọ́rùn-ún ọdún, àti pé ìpele òkúta tó ti lọ nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà 1,100.

Mo sọ máìlì di ẹsẹ̀ bàtà: 22 lọ́nà 5,280 jẹ́ 116,160. Lọ́nà 12, ó di íńṣì 1,393,920. Íńṣì kọ̀ọ̀kan gba 100 ọdún, nítorí náà ọdún 139,392,000. Ibí ni èèyàn máa ń dúró sí, tí ìdáhùn rẹ̀ kì í fi í bá ti Darwin mu: ògiri ẹsẹ̀ bàtà 500 nìyẹn. Ògiri tó ga jù bẹ́ẹ̀ á pẹ́ kó tó sún. Pín 1,100 sí 500, o rí 2.2, fi sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 306,662,400. Iye tó wà nínú ìwé náà gan-an nìyẹn, ó pé géérégé.

Ìṣirò náà ò ní àṣìṣe kankan. Íńṣì 1 yẹn ni wàhálà. Bí o bá fi íńṣì 2 rọ́pò rẹ̀, ó di ọdún 153,331,200. Bí o bá fi íńṣì 3 rọ́pò rẹ̀, ó di 102,220,800. Darwin fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀dà 1860, ó sì yọ gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́dún 1861. Òjò àti odò pẹ̀lú kì í dúró de etí òkun, gbogbo ojú ilẹ̀ ni wọ́n ń jẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó wá burú jù ni pé ẹfun ọ̀hún ò tíì pé mílíọ̀nù 101 ọdún. Kò sí nílẹ̀ nígbà tí Darwin ní òkun ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn náà mo ṣe ìṣirò ọjọ́ orí ayé tí onímọ̀ físíìsì William Thomson, tí a wá mọ̀ sí Kelvin, ṣe lọ́dún 1862. Ó gbà pé ayé gbóná ní dígírì 7,000 ti Fahrenheit níbẹ̀rẹ̀, ó sì ń tutù láti ìgbà náà, ooru ń tàn nínú òkúta ní ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 400 lọ́dún, ilẹ̀ sì ń fi dígírì 1 gbóná sí i ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 50 tí a bá wọlẹ̀, ìyẹn 0.02. Sọ 7,000 di púpọ̀ lọ́nà ara rẹ̀, kí o pín in sí 3.1416 lọ́nà 400 lọ́nà 0.0004. Ó di nǹkan bíi mílíọ̀nù 97.5 ọdún, Kelvin kọ 98. Bí o bá gbàgbé láti sọ 0.02 di púpọ̀ lọ́nà ara rẹ̀, mílíọ̀nù 2 péré ni wàá rí.

Mílíọ̀nù 98 yẹn ká Darwin lọ́wọ́ kò. Nínú ẹ̀dà 1872, ó ní ó ṣeé ṣe kí ayé ìjímìjí ti ń yí padà kíákíá, kí àwọn ohun abẹ̀mí sì bá a sáré. Wọ́n sábà ń sọ pé rédíò-áktífítì, ìyẹn ooru tó ń jáde bí àwọn átọ̀mù kan ṣe ń fọ́ nínú òkúta, ló já Kelvin nírọ́. Èmi ò fara mọ́ ọn, torí ooru rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí ìdáhùn yìí padà. John Perry ló rí i lọ́dún 1895: bí inú ayé bá ń gbé ooru ju èèpo rẹ̀ lọ, 0.02 yẹn lè wà bẹ́ẹ̀ fún bílíọ̀nù ọdún. Lẹ́ẹ̀dì inú òkúta tó já láti ojú ọ̀run ni Clair Patterson fi ṣírò pé ọjọ́ orí ayé jẹ́ bílíọ̀nù 4.55 ọdún, lọ́dún 1956.