Bí a ṣe ń ṣètò sìkánà kó lè ka nọ́ńbà ISBN ẹ̀yìn ìwé

Mo ti bá àwọn tó ń ta ìwé ní Yaba àti Ojúẹlẹ́gbá ṣe iṣẹ́ yìí, ojú kan náà ló ti máa ń dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́. A máa débẹ̀.

Ẹ ki okùn sìkánà bọ ojú USB, ẹ ṣí Notepad, ẹ fi ka báákóòdù, ìyẹn àwọn ìlà tó wà lẹ́yìn ìwé kan. Kíbọ́ọ̀dù ni kọ̀ǹpútà kà á sí, nọ́ńbà ISBN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, yóò jáde fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀, ẹ kọ́kọ́ fi ka kóòdù inú ìwé ìlànà rẹ̀ tó ń dá a padà sí bó ṣe wà nígbà tó jáde nílé iṣẹ́. Ẹ ò mọ ohun tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti yí níbẹ̀. Bí ìwé ìlànà rẹ̀ bá ti sọnù, ẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Sìkánà oní-lésà kì í ka ojú fóònù dáadáa.

Ìkìlọ̀ mi rèé. Nínú ìwé ìlànà, ẹ óò rí kóòdù kan tí wọ́n kọ ISBN sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Inú ẹni á dùn pé ohun tí òun ń wá nìyẹn, á sì kà á. Ẹ má kà á! Nínú ọ̀pọ̀ sìkánà, ṣe ló ń sọ ISBN oní-nọ́ńbà 13 di oní-nọ́ńbà 10 ti àtijọ́, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà 13 ni ISBN ní láti oṣù kìíní ọdún 2007. Á gé 978 iwájú kúrò, á sì tún nọ́ńbà ìparí ṣírò.

Ìwé Nàìjíríà ló ń tan ènìyàn jù. 978 tún ni nọ́ńbà orílẹ̀-èdè wa, nítorí náà 978978 ni ìwé wa fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí sìkánà bá gé ti iwájú, 978 ṣì wà níbẹ̀, ojú á rò pé kò séwu. Mo rí ẹnì kan tó ka odindi ṣẹ́ẹ̀fù mẹ́rin báyìí, ó sì tún gbogbo rẹ̀ kà. Ẹ ka iye nọ́ńbà, ẹ má wo iwájú nìkan. Kóòdù tó ń pa ìyípadà yẹn ni kí ẹ kà.

Àwọn kóòdù ètò sún mọ́ra lójú ewé kan, ẹ fi páálí bo èyí tí ẹ ò fẹ́. Páálí ọṣẹ ni mo máa ń gé. Kò sóhun tó dára jù ú. Bí iná sìkánà bá ṣèèṣì bá kóòdù èdè kíbọ́ọ̀dù, àmì rádaràda ni ẹ óò máa rí dípò nọ́ńbà.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka kóòdù tó ń fi Enter sí ìparí, kí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bọ́ sí ìlà tirẹ̀. Nínú Excel, ẹ sọ òpó náà di Text kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ 9.78E+12 ni yóò máa hàn.

Bí ẹ̀yìn ìwé bá ń dán, ẹ jẹ́ kí sìkánà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀. Bí ìlà báákóòdù bá jẹ́ pupa, iná pupa sìkánà ò ní rí i: ẹ fọwọ́ tẹ nọ́ńbà ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ kọjá sí ìwé tó kàn.