Áàpù ìdíje tẹ́nìsì orí tábìlì: bí olùdíje kò bá pé 16

Bí olùdíje bá jẹ́ 8 tàbí 16, áàpù mi ń ṣiṣẹ́ geere. Bí wọ́n bá jẹ́ 11, á fi àyè òfìfo kojú àyè òfìfo. Mo da orúkọ rú títí, pàbó.

Ohun tó ṣiṣẹ́ rèé: ẹ ka àyè sí 16, ẹ to àwọn olùdíje láti orí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù, kí ẹ so nọ́ńbà tí àròpọ̀ wọn jẹ́ 17 pọ̀: 1 àti 16, 5 àti 12, 8 àti 9. Nọ́ńbà 12 sí 16 ló ṣófo, nítorí náà 1 sí 5 bọ́ sí ìpele kejì láìgbá rárá. (Àwọn ọ̀gá ò kúkú ṣàròyé!) Ìdíje tí ẹni tó bá pàdánù ń lọ sílé nìkan ni mo fi dán an wò o.