Ẹ wo ojú bọ́ílà yín

Ẹ̀yin ará wa nílùú ọba, ẹ kú òtútù o. Bí owó gáàsì ṣe ń gorí owó oúnjẹ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í kíyè sí.

Tó bá jẹ́ bọ́ílà combi lẹ ní (bọ́ílà ni ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì mú omi àti ilé gbóná), èyí tí kò ní táǹkì omi gbígbóná, ẹ wo ojú rẹ̀. Ibi méjì ló sábà máa ń wà láti yí: ọ̀kan ní àwòrán ẹ̀rọ omi, èkejì ní ti rédíétọ̀. Ti rédíétọ̀ ni kẹ́ ẹ dín kù sí 60°C. Wọ́n máa ń fi ọ̀pọ̀ sílẹ̀ lórí 75 tàbí 80 látọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kọ́ ògiri. Ilé á pẹ́ díẹ̀ kó tó móoru, àmọ́ gáàsì tẹ́ ẹ̀ ń jó dànù á dín kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní táǹkì, ẹ má fọwọ́ kàn án, nítorí tí ooru bá dín kù, kòkòrò lè gbilẹ̀ nínú omi táǹkì.

Ti gáàsì ìdáná ńkọ́, bíi ti ẹ̀wà? Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, kẹ́ ẹ sè é rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan, kó wọ fìríìsà.

Ẹni tó ń gba Universal Credit, owó ìrànwọ́ ìjọba, ẹ yẹ Warm Home Discount wò, ìyẹn ẹ̀dínwó lórí owó iná, £150 ni. Àmọ́ orúkọ yín tàbí ti ẹnì kejì yín gbọ́dọ̀ wà lórí bíìlì iná, kì í ṣe ti lándílọ́ọ̀dù.

Ẹni tí físà rẹ̀ sì ní “no public funds”, ìyẹn pé kò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba, food bank, ibi tí wọ́n ti ń fúnni lóúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́, kò sí lára ohun tí wọ́n kà léèwọ̀. Ẹ sọ fún Citizens Advice, àjọ tó ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí iléèwé ọmọ yín, wọ́n lè fún yín ní ìwé tẹ́ ẹ máa mú lọ síbẹ̀.